Iye Tó Wà Lójú Ẹ̀rọ

Kọ̀ǹpútà gbọ́n ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Kì í jí kó kàn sáré lọ síbi iṣẹ́. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò bóyá gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá mẹ́mọ́rì tó fi ń di iṣẹ́ mú pé. Èyí tó wà níwájú Elétí-ehoro ti gbó, nítorí náà, tó bá ń ka mẹ́mọ́rì rẹ̀, ó máa ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ẹni tó ń fi èékánná gbá tábìlì; bí mẹ́mọ́rì bá ṣe pọ̀ tó ni kíkà náà ń pẹ́ tó, iye rẹ̀ á sì hàn lójú ẹ̀rọ.

Elétí-ehoro kò ríran. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ nílé ẹjọ́, kó tẹ̀ ẹ́, kí ohùn inú kọ̀ǹpútà sì máa ka ohun tó tẹ̀ sí i létí. Láràárọ̀, tó bá ti tan ẹ̀rọ, á gbé báàgì kọ́, á fa àga, á jókòó, ìgbà yẹn ni ẹ̀rọ á tó kà tán. Ohun tó bá jẹ́ ojú nìkan ló lè rí i, Ìkejì ló ń kà á fún un. Òun àti Ìkejì ni wọ́n jọ ń tẹ̀wé, tábìlì wọn fara kanra. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń pe ara wọn ní ìkejì mi.

Ọ̀gá wọn wá kéde pé atẹ̀wé kan ṣoṣo lòun lè mú dání. Ọ̀sẹ̀ kan lòun á fi wò wọ́n, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá yá jù ló máa kù.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Elétí-ehoro kò tíì fa àga tí ẹ̀rọ rẹ̀ fi dákẹ́. Ó bi Ìkejì pé kí ló wà lójú ẹ̀rọ.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, bó ṣe máa ń wà," ni Ìkejì dá a lóhùn. "Ìdààmú ló ń ṣe etí ẹ, ìkejì mi."

Ó gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Ọ̀sẹ̀ náà wá dojú rú. Ohùn tó ń kàwé fún un ń kólòlò, gbólóhùn á há, iṣẹ́ á dúró. Ara rẹ̀ ló ń dá lẹ́bi, ó ní ọwọ́ òun ti ń darúgbó. Ìkejì ń tù ú nínú, ó tilẹ̀ ń bu omi tútù wá fún un. Ẹ ò rí i pé èèyàn ṣòro.

Lọ́sàn-án Fúráìdè, iná lọ, ó sì dé padà. Ẹ̀rọ méjèèjì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Elétí-ehoro dákẹ́ kíá, ti Ìkejì ń kà lọ, kò dáwọ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ iye mẹ́mọ́rì kan náà ni oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi sínú wọn, Ìkejì sì dúró tì í lọ́jọ́ náà, ó ń wo bó ṣe ń ki mẹ́mọ́rì bọ inú ẹ̀rọ. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

"Ìkejì mi, èló ló wà lójú ẹ̀rọ tìẹ?"

Ohùn Ìkejì wálẹ̀. Ó ní ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn òun.

"Ìwọ, tí wọ́n bá ní kó o lọ, wọ́n á ṣàánú ẹ. Wọ́n á wá nǹkan míì fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ àánú yẹn dùn ún ju mẹ́mọ́rì tí Ìkejì jí yọ lọ. Ó ké sí ọ̀gá, ó rojọ́ ní gbólóhùn méjì, ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ méjèèjì, kí wọ́n tún un tàn, kí Ìkejì ka ohun tó bá rí níbẹ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn wọn.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni tèmi," ni Ìkejì kà. "Méjìlélọ́gbọ̀n ni tiẹ̀."

Òótọ́ ló kà. Ọ̀gá ti ń sọ fún Elétí-ehoro pé kó fọkàn balẹ̀, òun ló máa kù, ṣùgbọ́n kò fetí sí i. Ohùn Ìkejì ló ń yẹ̀ wò nínú ara rẹ̀. Bó ṣe ka òótọ́ yìí náà ló ṣe ka irọ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, ohùn kan náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni ohùn yẹn ti ń kàwé fún un, kò sì mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́ nínú gbogbo ohun tó ti kà.