Ọwọ́ Qudrah

"Mo ní nẹ́tíwọ̀kì kọ́, Fọlárìn! Ìlà ti dé ojú títì." Àǹtí Abísọ́lá, ọ̀gá ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń jó irin pọ̀ ní ìlú Ovwian, kì í gba gbẹ̀rẹ́. "Ẹni tí kò bá tíì tẹ̀ka sórí ẹ̀rọ kí agogo méje tó lù, ilé ló ń lọ. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lù mí ni?"

"Àǹtí, iṣẹ́ ọwọ́ mi lórí ètò ìtẹ̀ka yìí ò lábùkù. Ọwọ́ Qudrah tó ń gba orúkọ wọlé lórí kọ̀ǹpútà yẹn ló lọ́ra."

Ohun tó ti sọ fún ọ̀gá wọn l'Ékòó náà nìyẹn. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ní kí Qudrah máa lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni Fọlárìn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tú dátábéèsì orúkọ òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ wò. Gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀ka ló ń fi orúkọ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí wàhálà níbẹ̀. Ibi tó ti há ni iye àpapọ̀ kan ṣoṣo tó fi síbẹ̀, kí ọ̀gá lè máa wò ó lórí fóònù bí èrò ṣe ń wọlé. Orúkọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yí iye yẹn padà kó tó ráyè kọjá. Bí ọ̀kan bá dì í mú, ìyókù a tò sẹ́yìn bí ayálégbé àdúgbò Agbassa lẹ́nu balùwẹ̀ kan ṣoṣo. Ta ló rán an níṣẹ́? Ìyìn ló ń wá. Ojú tì í débi pé òógùn bò ó lábẹ́ fáànù.

Ó yọ iye àpapọ̀ náà kúrò, ó sì ṣètò kí orúkọ máa wọlé ní ìdì-ìdì. Bílẹ̀ bá mọ́, òun á sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀bi Qudrah kọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin tuntun ti wà lórí àga Qudrah. Ìlà ń ṣàn bí omi.

"See better hand," ni ajórinpọ̀ kan wí. "Dis one sabi work. Dat Qudrah na snail." Ìlà bú sẹ́rìn-ín.

Àǹtí Abísọ́lá fúnra rẹ̀ rọ̀. "Fọlárìn, má bínú. Òótọ́ lo sọ lánàá."

Fọlárìn yíjú sẹ́yìn. Qudrah wà lẹ́yìn wọn, ó wá dá káàdì iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Fọlárìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá. Mo ti ń pè yín ní òpùrọ́ kiri. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi lọ́ra tó bẹ́ẹ̀."