Láìnì Tí Wọ́n Sin Mọ́ Adéjìmí

Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù Dìsẹ́ḿbà, lọ́sàn-án gangan, Adéjìmí pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Adéjìmí yìí sì ti lo oṣù mẹ́rìnlá nínú ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in tán báyìí, torí ẹ̀rín kò pọ̀ níwájú.

Sabina ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé sí ilé rẹ̀ ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà ní Bàrígà. Ó ti fọwọ́, ó ti jókòó ti pupuru rẹ̀, ni fóònù alátọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Adéjìmí fúnra rẹ̀ ló yan agogo yẹn sí nọ́ńbà tirẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ lè mọ̀ pé òun ló ń pè. Ìpè ẹlòmíràn kì í dún bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ Sabina wo ojú fóònù. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ẹja kì í ṣi nọ́ńbà mọ̀. Nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà náà kì í ṣe nọ́ńbà ọmọ àná. Ọdún kejì tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá ni Adéjìmí rà á, nígbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Èkó, tí ẹni tó bá ní i ní Bàrígà ń pariwo sọ̀rọ̀ kí àdúgbò lè gbọ́. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan ló tà kó tó rí i rà. Nígbà tí Fimíhàn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ní kó lọ pààrọ̀ síìmù náà sí tìgbàlódé, ó ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ pààrọ̀ bàbá rẹ̀ ná. Síìmù yẹn ló lò títí tó fi kú. Nílé bàbá Sabina, ohun tí òkú bá fẹ́ràn kì í gbẹ́yìn òkú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fi fóònù náà sí àpò aṣọ ọkọ rẹ̀ nínú pósí. Fimíhàn ní kí wọ́n jẹ́ kí òun nìkan dá wà pẹ̀lú bàbá òun díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n kan pósí pa.

Sabina tẹ fóònù, ó gbé e sétí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Kò gbọ́ ariwo, kò gbọ́ èémí. Ó ní, "Ta nìyẹn?" Kò sẹ́ni tó fèsì. Nígbà tó ṣe, ìpè náà já. Ó wo pupuru tó wà níwájú rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́ mọ́.

Serifat ló sọ fún. Yàrá Serifat kọjú sí tirẹ̀. Ẹja Sabina ló ń rà tó ń kó lọ tà ní Ṣómólú, òun náà ló ní fóònù ńlá tí Fimíhàn máa ń pè kí ìyá rẹ̀ lè rí ojú rẹ̀. Serifat fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìyá Fimíhàn, àkúdàáyà nìyẹn! Ẹ ò mọ̀ pé ẹni tọ́jọ́ ẹ̀ ò bá pé, ìlú míì ló máa ń lọ gbé? Àbúrò bàbá mi tá a sin sí Ìwó, Kùmásì ni wọ́n ti rí i, ó ń ta bàtà, ó tún ti fẹ́yàwó. Olórí burúkú, kò fẹ́ ìyàwó méjì nígbà tó wà láyé!"

"Serifat, má fi mí ṣeré."

"Èmi? Ọlọ́run ń gbọ́ mi. Ẹ má dárúkọ ẹ̀ o. Bó bá tún pè, tó bá jẹ́ pé ẹ máa lé e ni, ẹ lé e, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti pe orúkọ òkú, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn."

Sabina kò bá a jiyàn. Ohun tí ìyá tirẹ̀ náà máa ń sọ nìyẹn ní etí òkun, pé a kì í fi orúkọ dá òkú lóhùn.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù ara rẹ̀ ló ń bà á. Ẹgbẹ́ ni òun àti Adéjìmí, wọ́n jọ dàgbà ni. Bó bá jẹ́ pé òun ló wá mú, bóyá ì bá tiẹ̀ tẹ̀ lé e. Fimíhàn ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á fún. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọmọ náà ti wà ní Kánádà, níbi tó ti ń kàwé, gbogbo Sátidé ló sì máa ń pè. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án báyìí tí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí Serifat bá pe nọ́ńbà rẹ̀ tọ̀hún, òyìnbó inú ẹ̀rọ á ní nọ́ńbà náà kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá tó fẹ́ràn ọmọ tó bẹ́ẹ̀, bó bá ń rìn kiri láyé, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ? Àròkàn yìí ni kò jẹ́ kí Sabina sùn.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, agogo tún lù. Ó gbé e, kò sí ohùn. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, inú bí i. Ó dìde dúró, ó di fóònù mú, ó sì sọ̀rọ̀ sínú ìdákẹ́jẹ́ náà.

"Mo ti mọ̀ pé ìwọ ni. Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́. Má pè mí mọ́. Ibi tó o wà yẹn ni kó o máa wà, má wá sílé yìí mọ́ láéláé. Ohun tó o fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, o ò ní rí i gbà."

Ó pa fóònù, ó jókòó sórí pèpéle ẹnu ọ̀nà, ó sì sunkún. Ọkùnrin tó lé yìí, ó fẹ́ràn rẹ̀. Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí fún ọgbọ̀n ọdún.

Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin, agogo lù lẹ́ẹ̀mọkànlá. Kò gbé e. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ó mú ìwé ikú Adéjìmí, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníláìnì ní Obanikoro. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fadékẹ́ ló dá a lóhùn. Ó yẹ ìwé náà wò, ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó sì tún un tẹ̀.

"Màmá, ẹ ní bàbá ti kú?"

"Ó ti lé lọ́dún kan."

"Láìnì yìí ń ṣiṣẹ́ o. Kò tiẹ̀ sí ní Nàìjíríà. Ó ń ṣe róómìn ní Kánádà."

Sabina ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ó rìnrìn àjò ni. Láìnì tibí ni, nẹ́tíwọ̀kì tọ̀hún ló ń lò. Ṣé ó ń pè yín tẹ́ ẹ ò gbọ́hùn? Síìmù ẹ̀ ló ti gbó. Wọ́n ti ń ti nẹ́tíwọ̀kì àtijọ́ pa lọ́hùn-ún, orí ẹ̀ ni irú síìmù yìí sì ti ń sọ̀rọ̀. Níbi tí ìyókù ẹ̀ bá kù sí, fóònù lè dún, kóhùn má kọjá. Nígbà míì, apá kan á máa gbọ́, apá kejì ò ní gbọ́." Ọmọbìnrin náà gbójú sókè. "Ṣé ẹ ní èèyàn ní Kánádà ni?"

"Ọmọ mi wà níbẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n, bóyá òun ló mú síìmù náà lọ."

"Ọmọ mi ò lè jí nǹkan òkú." Sabina sọ ọ́ kíá, bí ẹni pé wọ́n bú u. "Inú pósí ló wà. Èmi ni mo fi síbẹ̀." Ojú tó fi wo Fadékẹ́, ojú ẹni tí nǹkan ti ká mọ́ ni. Adéjìmí ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọmọ kò fi pè, ẹni tó dí i lọ́nà ti hàn. "Ẹ pa á."

"Màmá, tá a bá pa á lórúkọ òkú, kò ṣeé jí mọ́ o."

"Ṣé o ní ọmọ?"

Fadékẹ́ fa fọ́ọ̀mù kan yọ. Ara tirẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bù máṣọ, torí ọ̀rọ̀ pósí yẹn. Ó ní kí Sabina tẹ̀ka, Sabina tẹ̀ka, wọ́n sì pa láìnì náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni agogo kò lù. Sabina ń sùn, ó ń jẹun. Ó tiẹ̀ ń bá Serifat ṣàwàdà pé ọkọ òun kò ní ráyè fẹ́yàwó ní Kánádà mọ́. Ó ń retí kí ọmọ òun pè, torí ohun tó dí i lọ́nà ti kúrò.

Ní Sátidé kan, Serifat sáré wọlé pẹ̀lú fóònù ńlá lọ́wọ́. Ojú ọmọbìnrin kan tó wé ìbòrùn tó nípọn ló wà nínú rẹ̀. Ó ní Ọ̀rẹ́olúwa lorúkọ òun, pé ilé kan náà ni òun àti Fimíhàn jọ ń gbé, pé inú ìwé rẹ̀ kan ni òun ti rí nọ́ńbà yìí.

"Ẹ kú ilé o, Màmá. Mo ní kí n béèrè ni. Ṣé Fimíhàn ti délé?"

"Ilé wo?" ni Sabina wí.

Ọmọbìnrin náà tún ìbòrùn rẹ̀ wé. Lẹ́yìn náà ló wá ń rọra sọ ọ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ kò sí mọ́, iṣẹ́ bọ́, Fimíhàn ta fóònù ńlá rẹ̀, ó ra kékeré kan, wọ́n sì já láìnì rẹ̀ tọ̀hún. Síìmù bàbá rẹ̀ nìkan ló kù. Kò fẹ́ yá fóònù ẹlòmíràn, ojú ń tì í kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tó fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un pé kó máa padà sílé.

"Ó ní òun ò lè délé lọ́wọ́ òfo láìkọ́kọ́ bẹ̀ yín. Ó ní òun yọ síìmù nínú pósí, torí orí ẹ̀ ni báǹkì máa ń fi nọ́ńbà tí òun fi ń rí owó ilé ẹ̀kọ́ yọ ránṣẹ́ sí, òun ò sì lè sọ fún yín. Ilé wa níbí, nẹ́tíwọ̀kì àtijọ́ ti kú, etí adágún ló ti ń rí díẹ̀ mú. Nínú yìnyín ló máa ń rìn lọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn yín ketekete, pé ẹ̀yin ni ẹ kì í gbọ́ tòun."

Serifat fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú.

"Ọjọ́ Ìsinmi kẹta tó ti ibẹ̀ bọ̀, kò jẹun. Ó ní, 'Màmá mi ti mọ̀. Wọ́n ní ojú ò tì mí. Wọ́n ní kí n má wá sílé mọ́ láéláé.' Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin, ó ní ẹ ò gbé e. Lẹ́yìn náà, fóònù ò rí nẹ́tíwọ̀kì mú mọ́ rárá. Ó ní wọ́n ti ti nẹ́tíwọ̀kì etí adágún náà pa nìyẹn. Ó gbé báàgì ẹ̀. Ó ní òun ń lọ wá ìlú tí nẹ́tíwọ̀kì àtijọ́ ṣì wà, kóun lè bẹ̀ yín kóun tó máa bọ̀. Ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ti kọjá, mo rò pé bóyá ẹ ti rí ara yín ni."

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà kò parọ́. Sabina béèrè bí wọ́n ṣe lè pè é. Ọ̀rẹ́olúwa ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ni Fimíhàn mú dání, ó sì kà á jáde. Sabina ti mọ̀ ọ́n kó tó kà á dé ìdajì.

Ó padà sí Obanikoro lọ́jọ́ Ajé. Fadékẹ́ tẹ kọ̀ǹpútà títí, omi lé e lójú, ó ní ẹni tó ni láìnì nìkan ló lè wá jí i fúnra rẹ̀, Màmá sì ti tẹ̀ka pé ó ti kú.

Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ni Sabina ń pe nọ́ńbà náà báyìí, lẹ́yìn ìsìn. Obìnrin inú ẹ̀rọ á ní nọ́ńbà tí ẹ pè kò sí. Sabina á máa sọ̀rọ̀ lórí ohùn obìnrin náà, tòun ti orúkọ, títí yóò fi já: "Fimíhàn, wá sílé. Èmi ìyá rẹ ni mo ní kó o wá sílé." Ní ìlú òtútù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ọmọ rẹ̀ ń ti ibì kan bọ́ sí ibì kan, ó gbé fóònù sókè, ó ń wá ibi tí láìnì tí ìyá rẹ̀ pa yóò ti mú.