Àyè Ìbídùnní

Nínú àlá tí Kóòṣì Fẹ́hìntọlá lá, odò ti gba àárín pápá kọjá lówùúrọ̀ kan, àwọn ọmọbìnrin náà sì ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì wọn lọ nínú rẹ̀. Omi mù wọ́n dé orúnkún. Bí wọ́n bá ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, á wọ inú omi lọ, á sì jáde padà sọ́wọ́ ẹni tó ta á, láìrin rárá. Kóòṣì Fẹ́hìntọlá dúró létí pápá, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, kò sì rò pé nǹkan kan ṣe pápá náà. Ohun tó ń dùn ún ni pé mẹ́rin ni wọ́n.

Márùn-ún ló ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì Òkè-Ìgbólà ní ẹni tó ń sáré bí ẹtu, wọ́n ní ẹni tó lè ti òkèèrè ju bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n, wọ́n ní ìbejì tí ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn láìwojú ara wọn. Ẹni tí yóò dúró sábẹ́ àwọ̀n, tí yóò na ọwọ́ gba bọ́ọ̀lù tó bá ta kúrò lára irin, òun ni kò sí. Ìbídùnní ló ń dúró níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibà mú un nígbà ìsinmi, kò sì padà wá mọ́.

Ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ wà. Nínú àlá náà, àyè Ìbídùnní dúró sábẹ́ àwọ̀n bí èèyàn ṣe ń dúró. Ó ga bí Ìbídùnní ṣe ga, ó ní èjìká, ó ní ọwọ́ gígùn méjì, kò kàn sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni. Èèyàn ń rí ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin náà ń ju bọ́ọ̀lù sí i bí ìṣe wọn, bọ́ọ̀lù á la inú rẹ̀ kọjá, á bá omi lọ. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. Wọ́n á ní "Pẹ̀lẹ́," wọ́n á tún ju òmíràn.

Fẹ́hìntọlá fi fèrè sẹ́nu kó lè dá wọn dúró. Fèrè náà ò dún. Orúkọ ló pè. "Ìbídùnní," ni fèrè wí, ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń jí ọmọ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yíjú sí ògiri. Ó tún un fọn, ó tún pe orúkọ kan náà. Ó bá bọ́ ọ lọ́rùn, ó fi sápò.

Ọ̀gbẹ́ni Arówólò, ọ̀gá tó ń mójú tó eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, wọlé dé pẹ̀lú agboòrùn lórí. Inú agboòrùn náà ni òjò ti ń rọ̀, òun nìkan ló sì ń rọ̀ sí lórí.

"Kóòṣì, ìdíje ti dé," ó ní. "Ẹni mẹ́rin ò lè lọ. Ẹ wá ẹni gíga kan."

"Mo ń wá a, sà."

"Ó pẹ́ tí ẹ ti ń wá a. Gbogbo ẹni tí mo bá fi hàn yín, ẹ ó ní kò ga tó. Báwo ló ṣe yẹ kó ga tó gan-an?"

Fẹ́hìntọlá nawọ́ sí àyè tó wà lábẹ́ àwọ̀n. Ọ̀gbẹ́ni Arówólò wo ibẹ̀ títí, omi òjò ń kán nímú rẹ̀.

"Àánú yín ṣe mí," ó wí. "Àmọ́ ẹ máa lọ."

Fẹ́hìntọlá lọ. Àyè náà tẹ̀ lé e. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀, àyè náà ti jókòó níwájú, ó tẹrí ba díẹ̀ nítorí òrùlé, bí Ìbídùnní ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá jọ ń ti ibi ìdíje bọ̀. Fẹ́hìntọlá fa bẹ́líìtì kọjá láyà rẹ̀, ó dè é. Ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ díẹ̀.

Nílé àkọ́kọ́ tó yà sí, ọmọ tí wọ́n júwe fún un ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá jókòó nìkan ló máa ń ga. Bó bá ti dìde, á kúrú. Ìyá rẹ̀ bẹ Fẹ́hìntọlá pé ṣé kò lè máa gbá a lórí àga. Nílé kejì, ọmọ náà ga kan àjà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì fẹ̀ bí àwo oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ ń padà sẹ́yìn, nígbà tí Fẹ́hìntọlá yóò sì fi mu omi tí wọ́n gbé fún un tán, ọmọ ọwọ́ ló bá lórí ẹní. Ó gbé e, ó fún ìyá rẹ̀, ó dúpẹ́, ó jáde. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ká má purọ́, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn, nítorí àyè Ìbídùnní ṣì wà nínú ọkọ̀, kò tíì sẹ́ni tó dí i.

Ilé kẹta wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí ilẹ̀ ti pupa. Bíríkìlà ni bàbá tó ni ilé náà, Ṣàngódèyí lorúkọ rẹ̀. Ó ń mọ ògiri yí ọmọbìnrin rẹ̀ ká. Ọmọ náà, Jọláadé, dúró láàárín ògiri, orí àti èjìká rẹ̀ yọ síta, ó ń jẹ ìrèké. Bí bàbá bá ti to búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn, Jọláadé á ga sí i níwọ̀n búlọ́ọ̀kù kan. Orí ògiri yìí ni àwọn tó wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn bà lé bí ẹyẹ, ọkùnrin onítáì ni gbogbo wọn, wọ́n ń pariwo pé àwọn yóò fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn yóò fún un ní bàtà, àwọn yóò fún un ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ń kọrin. Jọláadé kàn ń jẹ ìrèké rẹ̀ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ni Fẹ́hìntọlá wí, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ti dé." Ṣàngódèyí ò gbójú sókè. "Ṣé gíga ọmọ mi lẹ wá wọ̀n?"

"Mo wá kí yín ni, sà."

"Ẹni tó wá kíni kì í gbé bọ́ọ̀lù dání."

Fẹ́hìntọlá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kò mọ ìgbà tó gbé e.

Bàbá náà nu sìmẹ́ńtì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó bojú wo inú ọkọ̀. "Ta ló jókòó síwájú yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan, bàbá."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dè é ní bẹ́líìtì."

Fẹ́hìntọlá yíjú sí ọkọ̀. "Àyè ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún mi ni. Ọmọ náà ti kú."

"Ṣé pápá yín ló pa á?"

"Ibà ni, sà. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ló wà. Nígbà tí mo fi máa gbọ́, wọ́n ti sin ín."

"Ẹ kú àfẹ́kù o," ni Ṣàngódèyí wí. "Ẹ kú ìrọ́jú." Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Èmi ò kọ̀ kí ọmọ mi gbá bọ́ọ̀lù. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí ògiri yìí, gíga ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yin, ẹni tó ti lọ lẹ ń wá. Ta ló wá ń wá Jọláadé?"

Àwọn ọkùnrin orí ògiri wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn rọra tú táì rẹ̀. Fẹ́hìntọlá gbé bọ́ọ̀lù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá náà ní kó wọlé, kó lọ fara balẹ̀ níbòòji.

Ó wọ pálọ̀ ilé náà, yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń pààrọ̀ aṣọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ni pálọ̀ náà, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì gígùn rẹ̀ àti ìṣó tí wọ́n ń fi jẹ́sì kọ́. Ìbídùnní jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Apá kan irun rẹ̀ ti di dídì, apá kejì ṣì wà ní títú. Iṣu sísun ló ń jẹ. Kò jọ ẹni tí ibà ṣe rí.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ó ní. Ó kúnlẹ̀, ó tún jókòó. "Ẹ wá jẹun."

"Ṣé wọ́n ń fún ọ lóúnjẹ níbi tí o wà?"

"Mo ń yó, mà."

Fẹ́hìntọlá jókòó tì í, èjìká wọn kan ara wọn. Ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀. Èyí tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "A ò ní ẹni tí yóò máa gba bọ́ọ̀lù tó bá ta kúrò lára irin."

"Mo mọ̀. Mo máa ń wò yín." Ìbídùnní ń fi èékánná ha ibi tó jóná lára iṣu náà. "Àwọn tí mo wà lọ́dọ̀ wọn náà ń kó ẹgbẹ́ jọ. Ẹni gíga pọ̀ níbẹ̀. Wọn ò ní kóòṣì ni."

"Wọn ò ní kóòṣì?"

"Wọ́n ní kí n wá sọ fún yín. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn."

Ara Fẹ́hìntọlá fúyẹ́. Ó rí i pé ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn àwọn jẹ́sì, ó ṣí sílẹ̀ díẹ̀, pápá kan sì wà níwájú níbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó ń dún jẹ́jẹ́, bí àyà ẹni tó sùn lọ. Ó dìde.

"Jẹ́ ká máa lọ," ó ní. "Mo ti múra."

Ìbídùnní di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ ọmọ náà gbóná, eérú iṣu wà níbẹ̀.

"Mo ti jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Ní tèmi o, mà, ẹ má wá."

"Ìbídùnní."

"Ẹ má wá, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má dúró síbi tí bọ́ọ̀lù ti kúrò, pé ibi tó ń bọ̀ ni kí n lọ dúró sí. Ẹ̀yin fúnra yín wá dúró síbi tí mo ti ṣubú."

Fẹ́hìntọlá bú sẹ́kún. Ó sun ẹkún tí kò lè sun lójú àwọn ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìròyìn ti dé. Ìbídùnní fi ọwọ́ gígùn rẹ̀ méjèèjì gbá a mọ́ra, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ń pè é ní Àṣàbí, oríkì tó jẹ́ pé ìyá Fẹ́hìntọlá nìkan ló mọ̀ ọ́n.

"Jọláadé yẹn," ó ní nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, "ọwọ́ òsì ló fi ń gbá a. Ṣé ẹ rí i?"

"N kò rí i."

"Ẹ ò wò ó ni, mà. Ẹ lọ wò ó. Tí ẹ bá sì mú un, ẹ má tì í wọ inú àyè mi. Kò ní bá a mu, á fún un léjìká."

"Àyè rẹ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ mú un lọ. Òtútù ń mú mi láìsí i."

Wọ́n jọ jáde lọ sídìí ọkọ̀. Fẹ́hìntọlá fúnra rẹ̀ ló tú bẹ́líìtì náà. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, Ìbídùnní sì mú sùúrù fún un. Lẹ́yìn náà Ìbídùnní wọ àyè rẹ̀ bí ẹni wọ kóòtù, apá kan, apá kejì, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ láàárín oko gbágùúdá, ó ń jẹ iṣu rẹ̀ lọ. Kò wẹ̀yìn. Ewé gbágùúdá ń gbá a láyà, ó ń fi ọwọ́ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Fẹ́hìntọlá padà síbi ògiri, ó wo Jọláadé. Ọmọ náà ní àpá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, etí rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ, ọwọ́ òsì ló fi di ìrèké rẹ̀ mú. Kò fi ibì kankan jọ Ìbídùnní.

"Jọláadé," ó ní, "ibo ló wù ọ́ kí o máa dúró sí nínú pápá?"

Ọmọ náà gbé ìrèké kúrò lẹ́nu. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó bi í rí.

"Kì í ṣe abẹ́ àwọ̀n, mà. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń fi mí sí, torí pé mo ga. Ẹ̀gbẹ́ ló wù mí, kí n lè ráyè sáré."

"Ta ló máa wá dúró sábẹ́ àwọ̀n?" ni ẹni tó tú táì rẹ̀ bèèrè látorí ògiri.

"Gbogbo wa la ó jọ máa ṣọ́ ọ," ni Fẹ́hìntọlá wí. "Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ni yóò fò." Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó mọ̀ pé bí yóò ṣe rí nìyẹn.

Ṣàngódèyí wo ọmọ rẹ̀, ó wo kóòṣì. "Bí ara rẹ̀ bá gbóná lọ́hùn-ún ńkọ́?"

"Èmi ni n ó gbé e dé ọsibítù, sà. N kò ní dúró kí ilẹ̀ mọ́."

"Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn," ni bàbá náà wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí búlọ́ọ̀kù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, sìmẹ́ńtì wọn ò tíì gbẹ. Àwọn onítáì bọ́ sílẹ̀, wọ́n bá a rù wọ́n.

Jọláadé jókòó síwájú ọkọ̀. Orí rẹ̀ la òrùlé kọjá bí ẹni pé aṣọ ni, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lókè, ó sì ń ròyìn ohun tó ń rí fún Fẹ́hìntọlá: òrùlé páànù, igi ìrókò kan, èéfín àwọn tó ń dáná sun oko.

"Mà, lékeléke ń bọ̀ o."

Wọ́n pọ̀. Fẹ́hìntọlá dá ọkọ̀ dúró láàárín títì. Jọláadé na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń bẹ wọ́n bí ọmọdé ti máa ń bẹ̀ wọ́n, pé kí wọ́n fún òun ní èékánná funfun. Fẹ́hìntọlá náà na tirẹ̀ jáde lójú fèrèsé. Ó ti pẹ́ tó ti ṣe irú ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹyẹ náà sọ̀ kalẹ̀ sórí títì. Wọ́n ń bọ́ bàtà pupa kéékèèké tí wọ́n wọ̀, wọ́n ń tò wọ́n sí méjì méjì sójú ọ̀nà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lásán wọlé láti ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n ń sún fún ara wọn, láìpariwo, títí ìjókòó fi kún. Èyí tó wọlé gbẹ̀yìn ló ti ilẹ̀kùn, Fẹ́hìntọlá sì wa ọkọ̀ náà lọ sí pápá, níbi tí àwọn mẹ́rin ti ń dúró de ẹnì karùn-ún.