Fọ́tò Isu Mẹ́wàá

"Ẹ ní sùúrù díẹ̀, Ìyá. Bí mo bá gbójú kúrò níbí báyìí, wọ́n á jó ilé mi."

Tẹlifíṣọ̀n ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Jùbrílù kò mọ ilé tí wọ́n fẹ́ jó. Ó wo òkè àjà, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó sì rọra jókòó padà sórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ isu mẹ́wàá tó gbé wá láti Kọ́bapẹ́. Àga mẹ́fà ló wà ní pálọ̀ yẹn o. Mo ní kó jókòó sórí ọ̀kan, ó ní aṣọ òun dọ̀tí.

Ọdún 1987 ni. Bọ̀dá Olúbọ̀dé, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yìí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, ó sì gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan bọ̀, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Eré kan wà nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kó jẹun lásìkò mọ́ nínú ilé tí gbogbo wa ń gbé ní Ìbarà. Wọ́n á fún ọ ní ilẹ̀ kékeré kan àti àwọn òṣìṣẹ́ tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Wọ́n á máa wa òkúta, wọ́n á máa dáko, wọ́n á máa kọ́lé, ọ̀tá rẹ náà á sì máa ṣe tiẹ̀ lápá kejì. Eré náà kì í dúró de èèyàn. Bí o bá dìde lọ tọ̀, kí o tó dé, wọ́n ti jó ọ nílé.

"Wùnmí, wá wò ó," ó ní. "Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Òkúta ibẹ̀ ti ń tán. Ọ̀lẹ á dúró títí á fi tán pátá kó tó wá ibòmíràn, ebi á sì pa àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Èmi ti ń kọ́ ibùdó kejì sọ́hùn-ún. Bí eré bá ti pẹ́ tó báyìí, ẹni tí kò bá fẹ̀ sí i, ó ti kú nìyẹn."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Àwọn àmì pupa kéékèèké kan wà níbi tó ń lọ náà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń débẹ̀ ni àwọn àmì pupa náà ń pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àwọn wo nìyẹn?" Ìyá Jùbrílù béèrè.

"Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

"Níbo ni wọ́n wá lọ?"

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Ìyá, wọn ò lọ síbì kankan. Wọn ò sí mọ́ ni."

Kọ́ńtírátọ̀ ni Bọ̀dá. Ó ní ibi tó ti ń fọ́ òkúta ní Kọ́bapẹ́, òkúta náà ló sì fi ń ṣe ọ̀nà fún ìjọba. Ilẹ̀ Ìyá Jùbrílù ló bá a pààlà: igi obì mẹ́rìnlélógún tí bàbá tó bí i gbìn, ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́ta, àti sàréè ọkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni ọkọ náà, Sàlàhúdíìnì, kú sí ọsibítù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lásìkò tí epo ọkọ̀ wọ́n bí ojú. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n fẹ́ sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì sí awakọ̀ tó gbà láti gbé òkú. Lọ́rì Bọ̀dá ló gbé e délé, Bọ̀dá kò sì gba nǹkan kan. Oore gidi ni. Mi ò ní torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé kì í ṣe oore.

Láti ìgbà náà, bí Ìyá Jùbrílù bá ti wa isu tuntun, á ṣa mẹ́wàá tó dára jù, á gbé e wá fún Bọ̀dá, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé tọjọ́ yẹn." Lọ́dún kìíní, Bọ̀dá ní kí n gbé kámẹ́rà wá kí n yà wọ́n. Mo rò pé inú rẹ̀ ló dùn. Lọ́dún kejì, ó ránṣẹ́ pè mí láti ilé ìwé pé kí n tètè máa bọ̀ wá yà á. Tíṣà ni mí, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé mo gbọ́n. Ọlọ́gbọ́n náà kò bi ara rẹ̀ léèrè irú ìdúpẹ́ tó ń fẹ́ ẹ̀rí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìdúpẹ́ nìkan kọ́ ló gbé e wá. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn igi obì rẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "wọ́n ní katakata yín ń bọ̀ lórí ilẹ̀ mi. Mo ní kò lè jẹ́ pé ẹ mọ̀ sí i. Ẹni tó bá mi gbé ọkọ mi délé kò ní jẹ́ kí wọ́n hú u síta."

"Mo gbọ́ yín, Ìyá. A óò wò ó." Ó gbé nǹkan tó fi ń ta eré náà sílẹ̀, ó dìde, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Láti àárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fi eré náà sílẹ̀ nìyẹn. "Wùnmí, kámẹ́rà."

Ìyá Jùbrílù tún gèlè rẹ̀ wé. Ó fa isu mọ́ra, ó kúnlẹ̀, ó gbójú sókè sí Bọ̀dá.

"Tíṣà mi," ó bi mí, "ṣé o rí mi dáadáa báyìí?"

Mo ní mo rí i. Mo sì yà á.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, a dé kóòtù ìbílẹ̀. Lọ́yà Bọ̀dá ní gbogbo ilẹ̀ náà títí dé odò ni Bọ̀dá rà lọ́wọ́ ìdílé tó ni ín, pé obìnrin yìí kàn ń dáko lórí rẹ̀ ni, ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ó wá to fọ́tò mẹ́ta síwájú adájọ́. Gèlè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, isu mẹ́wàá mẹ́wàá, obìnrin kan lórí ìkúnlẹ̀, ọkùnrin kan lórí ìdúró. Isu ni àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ fi ń jẹ́wọ́ lọ́dọọdún pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Ọmọ Ẹ̀gbá wo ló máa rí fọ́tò yẹn tí kò ní sọ pé ìṣákọ́lẹ̀ ni?

"Ìyá, ṣé ẹ̀yin nìyí?" adájọ́ béèrè.

"Èmi ni, sà. Mò ń dúpẹ́ ni."

"Lọ́dọọdún?"

"Lọ́dọọdún, sà. Oore yẹn kì í ṣe kékeré."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Wọ́n wá pè mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi Lydia ti fà mí wọ yàrá. "Wùnmí, ilé ọkọ mi nìyí. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí síbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá bi ọ́ nìkan ni kí o dáhùn, jọ̀ọ́." Ohun tí wọ́n sì bi mí ni bóyá èmi ni mo ya àwọn fọ́tò náà. Mo ní èmi ni. Lọ́yà ní ó tán. Ìyá Jùbrílù ń wò mí, ó ń retí èyí tó kù, torí ó mọ̀ pé mo gbọ́ gbogbo "ẹ ṣé tọjọ́ yẹn" tó sọ. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ojú ń tì mí títí di òní, ìtìjú mi kò sì ṣe é láǹfààní kankan.

Bọ̀dá ni wọ́n dá láre. Adájọ́ ṣàánú, ó ní kí ìyá náà ṣì máa gbé igun kan lẹ́bàá odò, níwọ̀n ìgbà tó bá ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń san án tẹ́lẹ̀. Katakata wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Jùbrílù, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣe káfíńtà ní Owódé, ló wá hú egungun bàbá rẹ̀, ó sì kó o sínú àpótí kékeré tó fúnra rẹ̀ kàn.

Nígbà isu tuntun ọdún tó tẹ̀ lé e, Bọ̀dá wà nídìí eré rẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún mi pé òkúta ibùdó kẹrin náà ti ń tán. Ìyá Jùbrílù wọlé.

"Ẹ kú ìjókòó," ó ní.

Ó to isu sílẹ̀. Mẹ́wàá ni, àmọ́ wọ́n kéré, torí isu kì í ta dáadáa létí odò yẹn. Kò kúnlẹ̀. Kò sọ pé ẹ ṣé.

"Ẹ fi síbẹ̀, Ìyá," Bọ̀dá ní. Kò wẹ̀yìn.

Ìyá náà kò lọ. Ó dúró ti isu rẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó wò mí.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ ò ní lọ gbé kámẹ́rà yín wá ni?"