Ọkọ̀ Fágbèmí Lábẹ́ Omi

Fágbèmí ló ní kí wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi náà fún èrò abúlé Zion Pepe: pákó líle, òrùlé gígùn, kí òjò má pa ẹnikẹ́ni títí dé Igbokoda. Èmi ni mo ń wà á. Nígbà tí Fágbèmí kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tà á fún Láwàl oníṣòwò. Láwàl gé ìdajì òrùlé dànù kí ó lè to àgbá epo síbẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn obìnrin tó bá jókòó lẹ́yìn ń fi agbọ̀n bo orí lójò. Mo bá a sọ ọ́. Ó ní ṣé iyọ̀ ni wọ́n tí wọn yóò fi yọ́?

Lẹ́yìn Láwàl ni Kingsley rà á. Ọmọ Awoye ni, ṣùgbọ́n Wàrì ló ń gbé. Ó ní kí a wọ́ ọkọ̀ gòkè kí a lè kùn ún, òun yóò fi ọ̀dà ránṣẹ́. A wọ́ ọ gòkè. Ọyẹ́ dé, ọ̀dà kò dé. Àwọn èrò wa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ Godwin, tí wọ́n fi fáíbà ṣe dípò pákó, tí kì í gba ẹrù púpọ̀. Kí ọ̀dà tó dé, pákó ti gbẹ, àárín wọn ti là débi pé mo ń rí iyanrìn láti inú ọkọ̀.

Kingsley pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá dé lọ́jọ́ Ẹtì tí ọkọ̀ yẹn ò tíì ṣeé wọ̀, màá gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ."

Kò pariwo. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé fáíbà lé àgbàlagbà bí èmi lọ́wọ́? Bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá lọ, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn.

Èmi àti Promise káfíńtà ṣe ohun tí a máa ń ṣe fún ọkọ̀ pákó tó bá gbẹ. A tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, a ti ọkọ̀ wọ odò, a bu omi kún un, a sì jẹ́ kó rì, kí pákó lè mu omi, kó wú, kí ojú rẹ̀ pa dé. Òrùlé nìkan ló hàn lẹ́bàá èbúté.

Mo pe Kingsley títí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Ọjọ́bọ̀ ló dé, nínú fáíbà Godwin.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ mi dà?"

Mo nawọ́ sí omi.

Gift tó ń ta búrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín. "Ó ń wẹ̀ ni, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kó nura."

"A mọ̀ọ́mọ̀ rì í ni," mo ní. "Kó lè wú. Tó bá fi máa di ọ̀la..."

"Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ri ọkọ̀ mi? Ẹ gbọ́n omi yẹn jáde!"

A gbọ́n ọn. Ó wọ inú rẹ̀. Omi ń yọ́ wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó sì bo bàtà rẹ̀.

"Pákó ò tíì mu omi tán, ọ̀gá," Promise bẹ̀ ẹ́. "Ọ̀la ni."

"Ọ̀la kẹ̀? Látìgbà ọyẹ́ lẹ ti ń sọ ọ̀la fún mi!"

Mo fẹ́ dárúkọ ọ̀dà. Ó ti kọjú sí Godwin. Àwọn méjèèjì gbé ẹ́ńjìnnì sínú fáíbà.

"Bàbá," Godwin ní, "ẹ kúkú máa kó ẹja tó wà nísàlẹ̀ yẹn ní èrò."

Nígbà tí wọ́n lọ, a tún jẹ́ kí omi bo ọkọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a gbọ́n ọn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kán omi kan kò wọlé mọ́.

Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja rí i tó léfòó, wọ́n sáré kó ẹja wọn dé, wọ́n jókòó.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ," Ṣàkírà, ọ̀kan nínú wọn, ní. "Oòrùn ń mú ẹja."

Mo ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní kí n má ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tún un sọ.

Ṣàkírà wo ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì máa ń wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó agbọ̀n rẹ̀ jáde.