Kókó Ẹ̀yìn Gìgísẹ̀

"Bàbá mi, bàtà tuntun yìí ń há mi lẹ́yìn." Ọmọbìnrin náà bọ́ ọ, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orúnkún bàbá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Háwù! Èyí tí mo fọwọ́ ara mi rán?" Inú bí aránbàtà díẹ̀. Bàtà tí ọmọ rẹ̀ máa wọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́jọ́ Ajé ni, ojúlówó awọ ló sì fi ṣe é.

Àwọn ará ilé wọn ni bàtà máa ń há lẹ́yìn. Kókó kan máa ń yọ lára iṣan òkè gìgísẹ̀ wọn. Bàbá aránbàtà ní in, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní in, òun náà ní in. Àmì ìdílé ni wọ́n ń pè é, wọ́n a sì máa fi yangàn. Nígbà tí ọmọbìnrin yìí wà ní kékeré, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán, ìyá àgbà a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ṣé ọmọ wa ni èyí báyìí?" Ẹ̀fẹ̀ náà a máa dun aránbàtà. Ó tiẹ̀ ti gbàdúrà rí pé kí kókó náà yọ.

Oṣù tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, tí kò dìde mọ́. Àìsàn ọkàn ló pa á, bó ṣe pa bàbá wọn, àwọn méjèèjì ò sì tíì darúgbó. Dókítà wo ẹsẹ̀ olóògbé, ó wo ti aránbàtà, ó mi orí.

"Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ náà ló ń dí iṣan ọkàn yín. Àjogúnbá ni. Ọmọ kan lè jogún ẹ̀, kí èkejì má jogún ẹ̀. Kí ẹ̀yin àtọmọ yín wá ṣàyẹ̀wò o. Oògùn wà."

Ẹ̀rù ba aránbàtà. Kò lọ, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Ẹsẹ̀ ọmọ òun ṣáà ń dán, ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn. Iná wà lórí òrùlé, bàbá ń sùn!

Ó wá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ọmọ náà. Nǹkan líle kan wà níbẹ̀, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó tún un tẹ̀, bóyá bàtà ló kàn bó o lára. Kókó ni.

"Kí ló dé, Bàbá mi? Ojú yín yí padà."

Ìyá àgbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ti na ọrùn. Ó dìde wá fọwọ́ kan ibẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó, ó ti yọ o! Mo ní bó pẹ́ bó yá! Ọmọ ọkọ mi ni ẹ́ lóòótọ́!"

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ má pàtẹ́wọ́ mọ́." Aránbàtà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ohun tó pa ọkọ yín nìyẹn. Òun náà ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Dókítà sọ fún mi, mo dákẹ́."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" ni ìyá àgbà bi í.

"Kí a tó sin ín."

Ó gbé bàtà tuntun náà sílẹ̀, ó nawọ́ mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. "Wọ bàtà ẹ àtijọ́," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Èmi pẹ̀lú ẹ la jọ ń lọ bá dókítà báyìí."

Ọmọ náà ò lè wọ bàtà kankan. Ìyá àgbà ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń fi ìka ra ẹ̀yìn gìgísẹ̀ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ohun tó yọ níbẹ̀ lè padà wọlé.