Orúkọ Tí Mo Ha Kúrò Lára Kọ́ọ̀pù

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni kí n máa kọ orúkọ ọmọ sára kọ́ọ̀pù funfun. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké, nítorí náà n kì í dúró de ẹni tó máa bẹ̀ mí níṣẹ́. Orúkọ tí mo bá mọ̀ pé yóò tà, mo ti máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, màá fi kọ́ọ̀pù sínú ààrò kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kí ọ̀dà náà lè jiná mọ́ ọn lára, màá sì tò wọ́n sórí pẹpẹ. Ọmọ tó bá rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbádùn títí yóò fi rà á. Èyí tí kò bá rí tirẹ̀ a dì mọ́ pẹpẹ, a máa wò mí bí ẹni pé mo jí i gbé. Orúkọ ní àsìkò bí aṣọ ṣe ní in. Èyí tó gbòde lónìí, tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn mélòó kan sí i, eruku á bò ó.

Orúkọ tèmi kò sí lórí pẹpẹ kankan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni bàbá mi, ó lè pẹ́ lójú títì títí eruku á fi sọ ọ́ di àjèjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ni. Ó bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ó ní òun kò ní wá orúkọ lọ jìnnà, ilé ṣáà ni àbọ̀sinmi oko. Bí mo ṣe di Àbọ̀sinmi nìyẹn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í pé ta ló ń fi ààbọ̀ òwe sọ ọmọ. Nílé ìwé, àwọn ọmọ a máa bi mí pé oko dà, èmi náà á sì sunkún délé. Àmọ́ tí bàbá mi bá ti pè mí látẹnu ọ̀nà, tó fa ìparí rẹ̀ gùn, tí mo sì dáhùn pé, "Ẹ́ẹ̀n, mo ń bọ̀," orúkọ náà á tún wù mí í jẹ́.

Mo ti lọ́kọ, mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí n tó gbọ́ ọ pé ẹlòmíì náà ń jẹ́ ẹ. Obìnrin kan ló bẹ̀rẹ̀ ètò lórí rédíò nírọ̀lẹ́, lásìkò tí àwọn èèyàn ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ó ń gba àwọn tó ti rẹ̀ níyànjú, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní Àbọ̀sinmi. Kò pẹ́ tí àwọn aláboyún fi gbé orúkọ náà. Ó tó àsìkò kan tó jẹ́ pé òun ni mò ń kọ jù. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹyọ kan lòun fẹ́, wọ́n wá fi odidi pẹpẹ ṣe èènì. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi, ó sì tún ń bí mi nínú díẹ̀. Ohun tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ hun ti wá di ti gbogbo ayé.

Tẹlifíṣọ̀n ló bà á jẹ́. Eré kan gbòde tí ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà nínú rẹ̀, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń kúnlẹ̀ kí tọmọdé tàgbà, bẹ́ẹ̀ ló gba ọkọ, gba ilé, gba ọmọ mọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà ti mọ orúkọ tí wọ́n fún un. Kí eré náà tó parí, orúkọ ti di èébú. Bí obìnrin bá rí èyí tó ń rábàbà yí ọkọ rẹ̀ ká, á ní, "Má ṣe Àbọ̀sinmi fún mi o." Àwọn kọ́ọ̀pù tí mo ti kọ sílẹ̀ kò rí ẹni rà wọ́n mọ́. Mo kó wọn sínú páálí, mo tì í sábẹ́ tábìlì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàárà kan gbé kọ́ọ̀pù ọmọ rẹ̀ padà wá. Ó ní àwọn ti pa orúkọ ọmọ náà dà, kí n bá òun ha ti ara kọ́ọ̀pù kúrò. Ó ní orúkọ burúkú ni, ìyá tó bá sọ ọmọ ní irú rẹ̀ kò ro ọjọ́ ọ̀la. Kò mọ orúkọ mi. Oníkọ́ọ̀pù ni gbogbo wọn ń pè mí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mú abẹ, mo ha orúkọ ara mi kúrò ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ òmíràn lé e. Àmọ́ ohun tó bá ti jiná mọ́ kọ́ọ̀pù kì í kúrò tán. Béèyàn bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, á ṣì máa rí ojú rẹ̀.

Látìgbà náà ni n kò ti sọ orúkọ mi fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bàbá àti ìyá mi ti ṣaláìsí tipẹ́. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ, ọkọ mi tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó lẹ́nu láti pè mí lórúkọ ṣe tán pátá. Ọmọdé ni àwọn tó kù jẹ́ sí mi, wọn ò jẹ́ dán an wò. Orúkọ náà ti kú ṣáájú mi, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin mi, ẹyọ kan ṣoṣo tí mo bí, ló wá jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí oyún rẹ̀ ti wọra. Ó ní dókítà ti sọ pé obìnrin ni, òun fẹ́ kí n kọ kọ́ọ̀pù rẹ̀ sílẹ̀. Mo bi í pé orúkọ wo. Dípò kó dáhùn, ó fi ẹsẹ̀ fa páálí abẹ́ tábìlì jáde.

Mo ní láéláé. Mo ní n kò ní gbé ẹrù yẹn ka ọmọ tuntun lórí. Mo bi í pé bí ọmọ bá wá ń ṣe ìjàngbọ̀n ńkọ́, ṣé orúkọ èmi ìyá rẹ̀ ni yóò máa fi pariwo mọ́ ọn nígboro, òun tí ẹnu rẹ̀ kò kan orúkọ mi rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Màmá, lọ́jọ́ tí ẹ ń ha kọ́ọ̀pù yẹn, abẹ́ tábìlì ni mo wà, mò ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Mo ń gbọ́ abẹ yín. Ó ń dúró ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan."

Mo ti páálí náà padà sábẹ́ tábìlì.

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ó ní. "Tẹlifíṣọ̀n kọ́."

Mo ní kó máa lọ sílé, pé mo níṣẹ́ lọ́wọ́.

Ó sọ̀ láyọ̀, mo sì kó lọ sílé wọn láti tọ́jú ìyá àtọmọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá kí wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Èèyàn dáadáa ni, àfi pé kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó gbé ọmọ mọ́ra, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ sọ ọ́. Ọkọ ọmọ mi wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wò mí. Ọkọ yìí náà ló wá dárúkọ náà, ó sì kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ̀ rò pé àwàdà ni. Ó ní ṣé tọmọ ọ̀dọ̀ inú tẹlifíṣọ̀n yẹn ni, pé orúkọ afọ́lé, ta ni ìyá gidi tó máa gbà á wọlé. Ó yíjú sí mi pé kí n gbe òun lẹ́yìn.

Ohun tó ń sọ yìí náà ni èmi fúnra mi sọ ní ṣọ́ọ̀bù, bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde ló wá dùn mí dé egungun. Ẹ̀rín tí mo máa ń rín fún oníbàárà ti ń bọ̀ lẹ́nu mi. Mo lé e padà.

"Orúkọ mi ni," mo ní. "Bàbá mi ló sọ mí. Kò sí ilé tí mo fọ́ rí."

Ojú tì í ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ó ní kí n dákun, pé látọjọ́ tí a ti di àna, Oníkọ́ọ̀pù lòun mọ̀. Ó wá bi mí bí bàbá mi ṣe rí orúkọ náà. Mo sọ ti ojú títì fún un, àti ti bàbá mi tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó ní kí n bá òun náà mú kọ́ọ̀pù kan wá tó ní orúkọ yẹn lára. Mo ní odidi páálí ló wà nílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, mo wà ní kíṣìnì wọn, mò ń fọ ìgò ọmọ, ọṣẹ dé mi nígbọ̀nwọ́. Ọmọ ké nínú yàrá. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọbìnrin mi bó ṣe lọ bá a, tó sì dúró. Mo mọ ohun tó ń dá a dúró, torí títí di ìgbà yẹn, "ọmọ mi" ló ṣì ń pè é, ẹnu rẹ̀ kò tíì gbé e. Ó wá pè é.

"Àbọ̀sinmi."

Ó fa ìparí rẹ̀ gùn. N kò mọ ibi tó ti kọ́ ọ, torí kò bá bàbá mi láyé.

"Ẹ́ẹ̀n, mo ń bọ̀," mo ní. Kí n tó mọ̀, mo ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá, omi ọṣẹ ń kán sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọmọ ti dákẹ́. Ọmọbìnrin mi rí mi, ó kúnlẹ̀ kíá tòun tọmọ lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ọmọ ni mò ń pè."

"Mo mọ̀," mo ní. "Tún un pè."